Ọjọ́ Tí Àga Àwọn Àgbà Ṣófo Lójúde Ìsọlọ̀

Bí ẹ bá wá sí Ìsọlọ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kejì Kérésì, tí ẹ dúró lójúde lábẹ́ igi odán ńlá yẹn, ẹ máa rí ọkùnrin kan tó di aago mú. Bí àwọn tó ń fi kẹ̀kẹ́ sáré bá ṣe ń dé ni wọ́n á máa sọ̀ kalẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n á ṣí fìlà, wọ́n á kí àwọn àgbà tó jókòó síbẹ̀. Ọkùnrin aláago yẹn á kọ ìṣẹ́jú tí oníkálukú fi kíni sílẹ̀, wọ́n á sì yọ ọ́ kúrò fún un tó bá dé Oṣòdì. Àlejò tó bá rí i á máa rẹ́rìn-ín. Á ní irú eré ìje wo lèyí, tí wọ́n ń dúró kí èèyàn láàárín ẹ̀? Ó ti sú mi láti máa dá wọn lóhùn lẹ́nu ọ̀nà, pàápàá àwọn ará Èkó tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kó wá sọ́dọ̀ wa. Ọmọ mi ti yó, ó ti sùn, oorun ẹ̀ sì máa ń gùn, Ọlọ́run bá mi dá a sí. Ẹ jẹ́ kí n jókòó kí n kọ ọ́ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, torí ilé wa lọ̀rọ̀ ọ̀hún parí sí, ojú mi ló sì ṣe.

Bọ̀dá Sàláwù oníbúrẹ́dì ló fà á. Kí n ti tètè sọ ọ́ kí ẹ má bàa máa retí ẹ̀: eré yìí ti di ẹ̀ẹ̀mẹ́tàlá báyìí, kò sì sí ìkankan tí Bọ̀dá Sàláwù ò bá wọn sá níbẹ̀, àmọ́ kò gbapò kìíní rí. Bẹ́ẹ̀ mi ò tíì rí ẹni tí kẹ̀kẹ́ mọ́ lára tó o. Ó ga, ó tín-ín-rín, ẹsẹ̀ ẹ̀ gùn bíi ti lékeléke. Tó bá ń gun kẹ̀kẹ́ bọ̀ lókèèrè, orúnkún ẹ̀ lẹ máa kọ́kọ́ rí kí ẹ tó rí ojú.

Ọmọ bíbí Ìsọlọ̀ ni. Bàbá ẹ̀ kú nígbà tó wà lọ́mọ ọwọ́, ìyá ẹ̀ lọ́kọ mìíràn sí Ìkòròdú, ló bá di pé bàbá bàbá ẹ̀ ló tọ́ ọ dàgbà. Bàbá Dáwódù lorúkọ bàbá àgbà yẹn. Àgbẹ̀ ni, oko ẹ̀gẹ́ àti ẹ̀fọ́ ló ní lọ́nà Òkè-Àfá. Ó kọ́ Sàláwù lóko, ó fi í sílé kéú, àmọ́ ohun tó kọ́ ọ jù lọ ni ìkíni. Kì í ṣe ká kàn sọ pé ẹ káàárọ̀ ká máa lọ o. Nílé Bàbá Dáwódù, tó o bá fẹ́ kí àgbà, wàá dọ̀bálẹ̀ gbalaja, wàá béèrè ara ẹ̀, wàá béèrè àwọn ará ilé, wàá sì dúró gbọ́ èsì. Bàbá fúnra ẹ̀ á wá bẹ̀rẹ̀ sí í kì í: “Àkànní, ọmọ Dáwódù. Ọmọ tó jí, tó kí baba kó tó bọ́jú. Ọmọ ẹlẹ́nu rere tí í jẹ́ kí ilé tòrò.” Ẹ sì mọ̀ pé bí àgbà bá ń ki oríkì ẹni, èèyàn kì í dìde nílẹ̀ títí tó fi máa dákẹ́. Bàbá Dáwódù kì í sì í tètè dákẹ́.

Nígbà tí Bọ̀dá Sàláwù dàgbà, ó rí iṣẹ́ sílé búrẹ́dì kan n'Ìsọlọ̀. Wọ́n so àpótí onígi ńlá mọ́ ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ fún un. Ní ìdájí ni búrẹ́dì ń jáde nínú ààrò, ó sì gbọ́dọ̀ ti gbé e dé téṣàn réluwé l'Óṣòdì kí ọkọ̀ ojú irin tó ń kó àwọn òṣìṣẹ́ lọ sí Èkó tó dé. Lójú ọ̀nà yìí kan náà ni Kàmọ́rù ẹlẹ́mu, ará Èjìgbò, ń gbé agbè ẹmu méjì kọ́ ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ tiẹ̀. Ojoojúmọ́ làwọn méjèèjì ń du ọ̀nà mọ́ra wọn lọ́wọ́. Kàmọ́rù lẹ́nu bí abẹ. Á ní, “Sàláwù, búrẹ́dì ẹ ti ń hu irùngbọ̀n o, ẹmu tèmi ṣì ń hó.” Bọ̀dá Sàláwù á ní ẹni tó ń gbé ẹmu kì í mọ ìgbà tí ojú ń tan òun jẹ.

Bàbá mi ni akọ̀wé téṣàn nígbà yẹn. Ọ̀gbẹ́ni Ṣówándé làwọn èèyàn ń pè é, ọmọ Abẹ́òkúta tí iṣẹ́ réluwé gbé wá s'Óṣòdì. Ẹni tó bá fẹ́ mọ bàbá mi, kó wo aago ẹ̀. Aago àpò ni, ó ní ẹ̀wọ̀n, ó sì máa ń nù ún ní alaalẹ́ bí ẹni ń wẹ ọmọ tuntun. Màmá wa máa ń ní bí bàbá wa bá fẹ́ sín, á kọ́kọ́ wo aago ná. Ìwà ẹ̀ dáa o, kò sì le mọ́ wa, àmọ́ ẹni tó bá pẹ́, ó ti ṣẹ̀ ẹ́.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan lọ́dún 1953, Kàmọ́rù àti Bọ̀dá Sàláwù ń bára wọn fà á lábẹ́ fèrèsé bàbá wa, lórí ta ló kọ́kọ́ dé. Àwọn èrò ọkọ̀ ń gbè wọ́n lẹ́sẹ̀, ariwo gba gbogbo téṣàn kan. Bàbá wa yọrí jáde. Ó ní kí wọ́n jọ̀wọ́ kí wọ́n jẹ́ kí òun ríbi kọ ìwé òun, pé tó bá di ọjọ́ kejì Kérésì tí kò sí búrẹ́dì tí kò sí ẹmu, kí wọ́n gbéra látọjà Èjìgbò, kí wọ́n gba Ìsọlọ̀, òun máa dúró síbi tí ojú irin ti gba títì kọjá l'Óṣòdì pẹ̀lú aago òun. Ẹni tó bá kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ òun, òun ló yára jù, ọ̀rọ̀ parí.

Bí eré yẹn ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, kò sí ohun kankan nínú ẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Èèyàn mẹ́rin ló sáré lọ́dún àkọ́kọ́: Kàmọ́rù, Bọ̀dá Sàláwù, télọ̀ kan láti Mafolúkù, àti ọkùnrin kan tí ẹnikẹ́ni ò mọ̀ rí, tó kàn ń lọ jẹ́ẹ́jẹ́ ẹ̀ lójú ọ̀nà, tó rí i pé wọ́n ń sáré, lòun náà bá bá wọn sá a. Ipò kẹta ló ṣe. Lọ́dún kejì, wọ́n di mọ́kànlá. Nígbà tó fi máa di ọdún kẹrin, wọ́n ti ń wá láti Mùṣín àti Ìkẹjà. Tíṣà kan l'Éjìgbò ló ń lu agogo iléèwé fún wọn láago mẹ́jọ kí wọ́n tó gbéra. Ilé búrẹ́dì ń yan búrẹ́dì kan tó gùn tó apá àgbàlagbà fún ẹni tó bá ṣe kìíní, bàbá wa á sì fi ẹfun kọ orúkọ ẹ̀ gàdàgbà sára pátákó tí wọ́n ń kọ àkókò ọkọ̀ sí ní téṣàn. Ọ̀sẹ̀ kan gbáko ló máa wà níbẹ̀. Ẹ ò mọ bí àwọn ọkùnrin yẹn ṣe fẹ́ràn pátákó yẹn tó. Ẹlòmíì ò mọ̀wé, á ní kí èèyàn ka orúkọ òun fún òun ní ẹ̀ẹ̀marùn-ún.

Ìgbà ọyẹ́ ni. Eruku ọ̀nà Èjìgbò á bo gbogbo wọn, tí wọ́n bá fi máa dé Oṣòdì, gbogbo wọn ti pọ́n bí ògiri alámọ̀. Òrí ni wọ́n ń fi ra ẹsẹ̀ àti ètè kí ọyẹ́ má bàa là á. Àwọn kan máa ń tú búréèkì àti bẹ́ẹ̀lì kúrò lára kẹ̀kẹ́ kó lè fúyẹ́, títí tí bàbá wa fi ṣòfin pé kẹ̀kẹ́ tí ò bá ní bẹ́ẹ̀lì, òun ò rí i.

Òfin kan tún wà tí ẹnikẹ́ni ò ṣe, tí gbogbo wọn sì ń pa mọ́. Ẹ ò lè gun kẹ̀kẹ́ kọjá lójúde Ìsọlọ̀. Kì í ṣe nítorí eré, bó ṣe wà látijọ́ nìyẹn. Àwọn àgbà méje ló máa ń jókòó lábẹ́ odán yẹn, Bàbá Dáwódù ló dàgbà jù. Ẹni tó bá dé ibẹ̀ á sọ̀ kalẹ̀, á ṣí fìlà, á ti kẹ̀kẹ́ lọ́wọ́ títí á fi kọjá. Àwọn tó kù nínú eré máa ń fi eré ti kẹ̀kẹ́ wọn ni, wọ́n á máa forí balẹ̀ díẹ̀díẹ̀ bí adìyẹ tó ń mumi, “Ẹ kú ọdún o, ẹ̀yin bàbá,” wọ́n ti lọ. Àmọ́ Bọ̀dá Sàláwù, ọmọ ilé ni. Ó máa dọ̀bálẹ̀ fún àgbà kìíní, á dọ̀bálẹ̀ fún èkejì, á béèrè ẹsẹ̀ tó ń dun ẹ̀kẹta, títí tó fi máa kan Bàbá Dáwódù, Bàbá á sì bẹ̀rẹ̀ sí í kì í. Òun ló máa ń ṣíwájú wọnú Ìsọlọ̀ lọ́dọọdún. Òun náà ló máa ń jáde níbẹ̀ lẹ́yìn Kàmọ́rù tàbí lẹ́yìn ẹlòmíì, kò sì sí bó ṣe lè sá a tó, kò ní lé e bá. Ọdún mẹ́fà ló fi ń ṣe ipò kejì léraléra. Wọ́n ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ l'Óṣòdì, òun náà á bá wọn rẹ́rìn-ín.

Lẹ́yìn náà lọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n mi wá wọ̀ ọ́.

Ọmọ́níkẹ́ lẹ̀gbọ́n mi, obìnrin làwa méjèèjì, èmi ni mo tẹ̀ lé e. Ó ń kọ́ṣẹ́ ìránṣọ nítòsí téṣàn. Òun ló máa ń lọ ra búrẹ́dì ilé wa láàárọ̀. Mo kàn rí i pé ẹni tí wọ́n rán ní búrẹ́dì tó wà nísàlẹ̀ ilé báyìí, ó máa tó ogún ìṣẹ́jú kó tó dé. Mo tẹ̀ lé e lọ́jọ́ kan. Bọ̀dá Sàláwù ló ń kí i. Ẹ gbà mí gbọ́, ìkíni lásán ni. Ó bi í bí iṣẹ́ ṣe ń lọ, ó bi í bí màmá ṣe ń ṣe, ó bi í bóyá ìka tí abẹ́rẹ́ gún lọ́sẹ̀ tó kọjá ti san. Mi ò tíì rí ọkùnrin tó rántí ìka tí abẹ́rẹ́ gún rí. Nígbà tí mo délé, mo sọ fún Ọmọ́níkẹ́ pé èyí ti parí, ó ní kí n gbẹ́nu mi dákẹ́, àmọ́ ó ń rẹ́rìn-ín.

Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1959, Bọ̀dá Sàláwù wọ ẹ̀wù ọdún ẹ̀, ó wá bá bàbá wa nílé láti sọ ohun tó wà lọ́kàn ẹ̀. Ó ní kí àwọn ẹbí òun tó wá, òun fẹ́ mọ̀ bóyá wọ́n lè wá tọrọ Ọmọ́níkẹ́. Màmá wa ti mọ̀, inú ẹ̀ dùn sí i. Ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn kọ́ ló dá bàbá wa dúró, àbúrò ẹ̀ obìnrin náà ń bẹ nílé mùsùlùmí l'Ábẹ́òkúta, wọ́n sì ń jọ jẹun ọdún pọ̀. Ìṣòro tiẹ̀ ni aago. Ọmọ ọ̀rẹ́ ẹ̀ kan sì wà n'Íbàdàn, akọ̀wé réluwé bíi tiẹ̀, tó ń kọ lẹ́tà pé òun fẹ́ wá wo Ọmọ́níkẹ́. Bàbá wa fẹ́ràn ọwọ́ ìkọ̀wé ẹ̀.

Èmi àti Ọmọ́níkẹ́ wà lẹ́yìn aṣọ ìkélé. Bàbá wa sọ ọ́ jẹ́ẹ́jẹ́, kò fi ìbínú sọ ọ́.

“Mi ò kórìíra rẹ, Sàláwù. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń dúró kí gbogbo ẹni tó wà lọ́nà, ìgbà wo ni yóò dé ibi tó ń lọ? Inú ilé rẹ lọmọ mi máa wà tí á máa retí rẹ. Gbapò kìíní lọ́dún yìí, kí àwọn ẹbí rẹ sì máa bọ̀. Tí o ò bá gbà á, màá dá ará Ìbàdàn lóhùn.”

Bọ̀dá Sàláwù dọ̀bálẹ̀, ó ní òun ti gbọ́ sà, ó kí màmá wa, ó kí bàbá wa lẹ́ẹ̀kejì, ó sì lọ. Ọmọ́níkẹ́ ò jẹun lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Ó ní òun mọ̀ ọ́n, kò ní í lè kọjá lójúde láìdọ̀bálẹ̀, tó bá sì lè ṣe é, kì í ṣe ẹni tí òun fẹ́ nìyẹn mọ́. Ẹ wo irú wàhálà yẹn.

Ohun tí mo fẹ́ sọ báyìí, mi ò sí níbẹ̀, ẹnu àwọn àgbà ni mo ti gbọ́ ọ lẹ́yìn náà. Bọ̀dá Sàláwù ò sọ ìkankan fún bàbá àgbà ẹ̀. Àmọ́ Kàmọ́rù ẹlẹ́mu tó gbọ́ ọ ní téṣàn, ó lọ tú u síta níwájú agbè ẹmu, ó dé etí Bàbá Dáwódù kó tó di ọ̀sẹ̀ kan. Bàbá pe àwọn mẹ́fà tó kù. Ọ̀kan nínú wọn ní kí wọ́n kàn sọ fún ọmọ náà pé lọ́dún yìí kó má kí àwọn. Bàbá Dáwódù kọ̀. Ó ní ọmọ tí àgbà bá pè tó sọ fún pé má kí mi, àgbà ti ba ọmọ náà jẹ́. Wọ́n ní kí ni ṣíṣe nígbà náà? Ó ní, “Bí a ò bá sí níbẹ̀, ta ni yóò kí?”

Wọ́n wò ó, wọ́n rí i pé ọgbọ́n ni. Wọ́n fohùn ṣọ̀kan pé láàárọ̀ ọjọ́ kejì Kérésì, kí agogo mẹ́jọ tó lù l'Éjìgbò, gbogbo àwọn máa wọ ilé Bàbá Dáwódù. Ọmọdé kankan ò gbọ́dọ̀ ṣeré lójúde, obìnrin kankan ò gbọ́dọ̀ dáná síta, kí ọ̀nà mọ́ roro. Ẹnikẹ́ni ò sì gbọ́dọ̀ sọ fún Sàláwù, torí tó bá mọ̀, ó máa lọ kí wọn nínú ilé.

Ọjọ́ pé. Ọyẹ́ mú gan-an lọ́dún yẹn. Àwa ti dúró l'Óṣòdì, bàbá wa wọ kóòtù, ó di aago ẹ̀ mú, Ọmọ́níkẹ́ wọ aṣọ ọdún ẹ̀. Mo ń kà á sí etí ẹ̀ bí aago ṣe ń lọ títí tó fi ní tí n ò bá dákẹ́ òun máa gbá mi létí.

Èèyàn mẹ́tàlélógún ló gbéra l'Éjìgbò. Bọ̀dá Sàláwù ti tú àpótí búrẹ́dì kúrò, ó fi òrí ra ẹsẹ̀ ẹ̀ méjèèjì. Wọ́n ní bó ṣe sáré lọ́jọ́ yẹn, kò sáré bẹ́ẹ̀ rí. Nígbà tó fi máa yọ sí Ìsọlọ̀, ó fi nǹkan bí òpó wáyà mẹ́fà ju Kàmọ́rù lọ. Ó ti pinnu lọ́kàn ẹ̀, ó sọ èyí fún mi fúnra ẹ̀: ó máa dọ̀bálẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo fún àwọn méjèèje pa pọ̀, ó máa bẹ Bàbá Dáwódù pé kó dáríjì òun, pé òun ń bọ̀ wá gba oríkì òun lálẹ́. Gbogbo òru ló fi ń da bó ṣe máa sọ ọ́ rò.

Ó dé ojúde. Ó sọ̀ kalẹ̀. Ó ṣí fìlà, ó ti tẹ̀ ba kó tó gbójú sókè. Ló bá rí i pé kò sẹ́nì kankan.

Àga méjèèje wà níbẹ̀, wọ́n ṣófo. Kò sí ọmọdé, kò sí iná, kò sí adìyẹ pàápàá. Ọjọ́ ọdún, ojúde dákẹ́ lọ rọ́rọ́. Ó wá rí ọ̀pá ìtilẹ̀ Bàbá Dáwódù tó fara ti àga ẹ̀. Bàbá ti gbàgbé ẹ̀ síbẹ̀ nígbà tí àwọn àgbà yòókù gbá a mú lápá, tí wọ́n ń fà á wọlé. Ọdún mẹ́wàá ni Bàbá ò ti lè gbẹ́sẹ̀ méjì láìsí ọ̀pá yẹn. Ẹ fi ara yín sípò ẹ̀. Àwọn àgbà wọlé pa pọ̀ lọ́jọ́ ọdún, wọ́n dá ọmọdé lẹ́kun ariwo, ọ̀pá bàbá wà níta. Kí lẹ máa rò? Èèyàn wa kankan ò ní í rò ó sí nǹkan mìíràn. Ó rò pé Bàbá ti kú, pé wọ́n ti gbé e wọlé.

Ó ju kẹ̀kẹ́ sílẹ̀ láàárín ọ̀nà, ó mú ọ̀pá yẹn lọ́wọ́, ó sáré wọlé.

Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ṣókùnkùn. Àwọn àgbà méjèèje há ara wọn mọ́ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn bí ẹran ọ̀sìn, Bàbá Dáwódù ló fojú sí ihò fèrèsé, tó ń wò ó láti ìgbà tó ti dé, tí kò sì mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Nígbà tí Bọ̀dá Sàláwù rí i pé Bàbá wà lórí ìdúró, ó ju ara ẹ̀ sílẹ̀. Ó di ẹsẹ̀ Bàbá mú, ó ń sunkún. Bàbá fi fìlà gbá a lórí. Ó ní, “Mo wà láàyè! Kí lo wá ṣe níbí? Jáde, lọ gun kẹ̀kẹ́ ẹ!” Àwọn yòókù náà ń tì í lẹ́yìn, olúkúlùkù ń sọ pé kó máa lọ, kó máa lọ. Wọ́n gbọ́ ẹsẹ̀ Kàmọ́rù lóde bó ṣe ń ti kẹ̀kẹ́ ẹ̀ kọjá. Àti pé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má rẹ́rìn-ín: nígbà tó ti wá rí àwọn àgbà lójúkojú, kò lè jáde láìkí wọn. Ó dọ̀bálẹ̀ fún méjèèje lọ́kọ̀ọ̀kan nínú òkùnkùn yẹn, wọ́n ń bú u, ó ń dọ̀bálẹ̀.

L'Óṣòdì, a rí eruku, a rí Kàmọ́rù. Ọmọ́níkẹ́ di ọwọ́ mi mú. Ẹni kejì dé, kì í ṣe òun. Ẹni kẹta, ẹni kẹjọ. Ipò kọkànlá ló ṣe, ó sì fẹsẹ̀ rin ìwọ̀n díẹ̀ tó kù nítorí pé ẹ̀wọ̀n kẹ̀kẹ́ tó ti dẹ̀ níbi tó jù ú sí wá já lójú ọ̀nà. Àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Bàbá wa gbé ọwọ́ sókè, wọ́n dákẹ́. Ó bi í pé kí ló dá a dúró.

Bọ̀dá Sàláwù dọ̀bálẹ̀ sínú eruku, ó sọ gbogbo ẹ̀, kò fi ìkankan pa mọ́. Nígbà tó parí, bàbá wa yíjú sí Kàmọ́rù.

“Ìwọ náà gba ibẹ̀ kọjá. Ṣé o rí àga yẹn?”

“Mo rí i sà.”

“Kí lo rò?”

“Mo rò pé ọ̀nà ti là ni, sà.”

Gbogbo èèyàn bú sẹ́rìn-ín. Bàbá wa ò rẹ́rìn-ín. Ó lọ sí téṣàn, ó kọ orúkọ Kàmọ́rù sára pátákó gàdàgbà, torí ohun tó tọ́ ni, ó sì gba ilé lọ. Ó jókòó lórí àga ẹ̀ títí tí oòrùn fi wọ̀. Kò nu aago lálẹ́ yẹn. Màmá wa ní ká fi í sílẹ̀. Ọmọ́níkẹ́ ti sunkún tán, ó ń tú aṣọ tó ti rán tẹ́lẹ̀, ó sì ń rán an padà.

Lọ́jọ́ kejì, nǹkan bí aago mẹ́wàá, mo gbọ́ bẹ́ẹ̀lì kẹ̀kẹ́ lóde, kì í ṣe ẹyọ kan. Mo yọjú. Kẹ̀kẹ́ méje ló ń bọ̀ ní ìlà, àgbà kọ̀ọ̀kan wà lẹ́yìn kẹ̀kẹ́ kọ̀ọ̀kan, wọ́n fi aṣọ ká ìdí fún wọn, wọ́n di ẹ̀yìn ẹni tó ń gùn ún mú bí ọmọ tí wọ́n pọ̀n. Bọ̀dá Sàláwù ló gbé Bàbá Dáwódù. Kàmọ́rù ẹlẹ́mu gbé ọ̀kan. Wọ́n ní Kàmọ́rù ń pariwo ní gbogbo ọ̀nà pé kí Sàláwù ṣọ́ra o, kó má sọ̀ kalẹ̀ kí ewúrẹ́.

Àga ilé wa ò tó wọn. Màmá wa lọ yá bẹ́ǹṣì nílé kejì. Nígbà tí wọ́n jókòó tán, bàbá wa fẹ́ kí wọn, Bàbá Dáwódù ní kó jẹ́ kí àwọn kọ́kọ́ sọ tàwọn, ẹjọ́ ló gbé àwọn wá.

Ó ní, “Ọ̀gá téṣàn, àwa la ba eré yẹn jẹ́. Láti ìgbà tí mo ti ń jókòó sábẹ́ odán yẹn, kò sẹ́ni tó lé mi dìde níbẹ̀ rí. Èmi ni mo lé ara mi dìde, nítorí ọmọ rẹ. A rò pé à ń ran ọmọ wa lọ́wọ́. A ò rántí pé àwa la tọ́ ọ. Tó o bá fẹ́ fìyà jẹ ẹnì kan, àwa méje rèé.”

Èmi tí mo wà lẹ́yìn aṣọ ìkélé, mo rò pé bàbá wa máa wo aago. Ó gbọ́wọ́ lé itan.

Ó ní òun ò sùn dáadáa. Ó ní nígbà tí bàbá tòun kú l'Ábẹ́òkúta, ojú iṣẹ́ lòun wà, wọ́n fi wáyà ránṣẹ́, òun sì ní kí òun kọ́kọ́ ti ìwé ọjọ́ yẹn pa, kí ọkọ̀ aago mẹ́rin kọjá ná. Nígbà tí òun fi máa délé, wọ́n ti sin ín tán. Màmá wa ń wò ó, mo mọ̀ pé òun náà ò gbọ́ ọ rí.

“Gbogbo òru ni mo fi ń bi ara mi,” ni bàbá wa wí. “Tó bá di ọjọ́ kan tí àga tèmi náà ṣófo lẹ́nu ọ̀nà yìí, tí àwọn ọkọ ọmọ mi ń kọjá lọ, èwo nínú wọn ni mo fẹ́ kó sọ̀ kalẹ̀?”

Àgbà kan wúkọ́ nínú wọn. Bàbá wa wá ní òun ò lè yí ohun tó wà lára pátákó padà, Kàmọ́rù ló yára jù, àmọ́ láti ọdún tó ń bọ̀, òun máa fi ẹnì kan sójúde Ìsọlọ̀ pẹ̀lú aago. Gbogbo ìṣẹ́jú tí èèyàn bá fi kí àgbà, òun ò ní í kà á mọ́ ọn lọ́rùn. Ó ní kí àwọn bàbá sì jọ̀ọ́, kí wọ́n jókòó síta. Kàmọ́rù sọ láti ẹnu ọ̀nà pé ó dáa, òun náà máa kọ́ bí wọ́n ṣe ń dọ̀bálẹ̀. Bàbá Dáwódù rẹ́rìn-ín títí tó fi nu ojú.

Lẹ́yìn náà ni bàbá wa ní kí Sàláwù wọlé. Ó wọlé, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja láàárín iyàrá, ó fi àyà lélẹ̀, kò gbórí sókè. Bàbá wa ní òun ti gbọ́ ẹjọ́ àwọn àgbà, ó ku ẹnì kan tó yẹ kí àwọn bi. Ó pe Ọmọ́níkẹ́. Ọmọ́níkẹ́ ò lè jáde, ojú ń tì í, mo ń tì í lẹ́yìn, ó di aṣọ ìkélé mú bí ẹni tí wọ́n fẹ́ jí gbé. Bàbá wa bi í látọ̀dọ̀ ẹ̀ pé ọkùnrin tó wà nílẹ̀ yìí, ṣé ó fẹ́ ẹ?

Àwọn àgbà ti ń wo ara wọn.

“Ẹ jọ̀ọ́ sà,” ni Ọmọ́níkẹ́ wí, “ẹ ní kó dìde. Ọyẹ́ mú, ilẹ̀ yẹn tutù.”